Ẹ̀ṣẹ̀ Tí Ìyàwó Mi Kò Ṣẹ̀

Bọ̀dá, ẹ má sọ pé kí n jókòó. Ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, ìṣojú yín lọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ìṣojú yín náà ni màá ti sọ òótọ́ rẹ̀. Ìyá ọmọ mi, má dìde; ọmọ mi, ìwọ náà dúró gbọ́. Mo ti fi irọ́ yìí sùn, mo ti fi jí, ó tó gẹ́ẹ́.

Ẹ rántí pé ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà nígbà tí ọmọ wa ṣì kéré. Èmi ni mo so áàpù tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lò mọ́ dátábéèsì, níbi tí àkọsílẹ̀ gbogbo aláìsàn wà. Bí mo bá ti kọ ìbéèrè ránṣẹ́ sí i, ìdáhùn á jáde kí n tó ṣẹ́jú. Ìyàwó mi sì ti ń pẹ́ délé. Bí fóònù rẹ̀ bá dún, á jáde lọ gbọ́ ọ lẹ́yìnkùlé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé yàrá wa, èmi náà máa ń jáde, síbẹ̀ mo fura. Bó rẹ́rìn-ín, mo fura; bó dákẹ́, mo tún fura.

Mo tẹ orúkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fún mi láṣẹ; olè ni mo jà. Ohun tó jáde ni oyún tó bàjẹ́, àti ọkùnrin kan tó fọwọ́ síwèé gẹ́gẹ́ bí ọkọ. Kì í ṣe èmi. Mi ò bi ìyàwó mi léèrè kankan. Ẹ̀yin ni mo wá bá, Bọ̀dá, mo ní kọ̀ǹpútà kì í purọ́. Ẹ mú un lọ sílé yín, ó ń sunkún pé òun ò mọ ohun tí à ń wí.

Kọ̀ǹpútà ò purọ́ lóòótọ́. Ohun tí mo bi í ló dá lóhùn. Nínú dátábéèsì náà, àtẹ kan ló ní orúkọ aláìsàn, òmíràn ló ní ìtọ́jú tí wọ́n gbà. Nọ́ńbà káàdì ilé ìwòsàn ló yẹ kí n fi so méjèèjì pọ̀, torí nọ́ńbà ènìyàn méjì kì í jọra. Orúkọ ni èmi ọ̀lẹ fi so wọ́n. Ìlà ìbéèrè kan náà ni mo kọ sínú áàpù, àfi bí obìnrin kan ṣe wá fẹjọ́ sùn pé wọ́n da ìtọ́jú ẹlòmíràn mọ́ tòun. Mo gba káàdì rẹ̀. Orúkọ ìyàwó mi ló ń jẹ́, ti bàbá pẹ̀lú; òun ló ni oyún tó bàjẹ́ náà. Mo tún ìlà náà ṣe kíákíá, mo sì panu mọ́.

Èyí tó burú jù nìyí. Lọ́jọ́ kejì lẹ mú un padà wá. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ohunkóhun tí mo bá ṣe, ẹ forí jì mí. Mo fẹ́ padà sọ́dọ̀ ọmọ mi."

Mo ti mọ̀. Mo mọ̀, mo sì lanu, mo ní, "Mo ti dárí jì ọ́." Ẹ kí mi kú sùúrù, mo sì gbà á.

Láàárọ̀ yìí ni mo gbọ́ tó ń kọ́ ọmọbìnrin wa tó ń lọ sílé ọkọ: "Bí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn ọ́, tètè bẹ̀bẹ̀, kódà bí o ò ṣe nǹkan kan. Bí èmi náà ṣe ṣe nìyẹn."

Ọmọ mi, má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi, ẹ̀ṣẹ̀ tí o ò ṣẹ̀ ni mo dárí rẹ̀ jì ọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ló ṣì wà nílẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́. Bí o bá ní o ò gbà, mi ò ní bẹ ẹnikẹ́ni kó bá mi bẹ̀ ọ́.