Àkèré Inú Òjò Náà Kì í Ṣe Tèmi

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí, olùkọ́ yín ní kí n wá sọ bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ géèmù ṣíṣe. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ náà ní ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin ṣáájú tiyín, mo sì parọ́ ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. N kò ní lè pa ìkarùn-ún. Kì í ṣe pé mo ṣàdédé di èèyàn rere. Irọ́ náà ló ti kún ọ̀nà ọ̀fun mi débi pé oúnjẹ kì í lọ mọ́. Orúkọ mi ni Kiyotaka Sonoyama. Ẹni tó ṣe géèmù àkèré inú òjò ni wọ́n ń pè mí. Èmi kọ́ ni mo ṣe é. Àbúrò mi obìnrin, Suzuna, ló ṣe é. Ọmọ ọdún méjìlá ni, orí ibùsùn ọsibítù ló sì wà nígbà tó ṣe é. Mo jí i mọ́ ọn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ olè yẹn gan-an kọ́ ni ohun tó burú jù tí mo ṣe.

Ọdún 2010 ni. Ìlú Matsue là ń gbé. Bàbá wa ti kú, màmá wa, Fumie, sì ń ṣa ìṣáwùrú ọ̀sà Shinji fún àwọn tó ń kó o lọ sọ́jà, ńlá sí ọ̀tọ̀, kékeré sí ọ̀tọ̀, títí omi á fi hun gbogbo ìka ọwọ́ rẹ̀ jọ. Èmi pé ọmọ ogún ọdún, n kò ní iṣẹ́, n kò sì lọ sílé-ẹ̀kọ́. Mo kàn ń sọ fún gbogbo ayé pé géèmù ni mo máa ṣe. Lásìkò yẹn ni géèmù kan jáde tí wọn kì í tà nínú páálí, orí íńtánẹ́ẹ̀tì lèèyàn ti ń gbà á wọ inú ẹ̀rọ abẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣeré lẹ máa fi géèmù kéékèèké tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe kún inú rẹ̀. Ẹ óò yàwòrán, ẹ óò fohùn sí i lórí ẹ̀rọ géèmù kékeré tó ń gbé àtẹ́lẹwọ́, lẹ́yìn náà ẹ óò fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ilé tàbí sí ọ̀rẹ́. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú bíi mélòó kan, ọ̀kan ti tán. Lọ́sẹ̀ méjì-méjì, àwọn tó ni géèmù náà á kéde àkòrí kan, wọ́n á yan ẹyọ kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí àwọn èèyàn ṣe, wọ́n á sì pín in káàkiri Japan, tòun ti orúkọ ẹni tó ṣe é lábẹ́ rẹ̀. Mo ti fi mọ́kànlá ránṣẹ́ sí wọn. Wọn ò mú ìkankan.

Kíndìnrín Suzuna ti bà jẹ́ láti kékeré. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, nítorí náà, ní gbogbo Sátidé, èmi ni mo ń gba ẹ̀rọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lọ sílé, màá fi àwọn géèmù tó ṣe ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ wa, kí màmá lè ṣe wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá. Màmá á gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, á ká ẹsẹ̀ jọ sórí ẹní, á wá máa pariwo: "Èwo ni kí n tẹ̀? Kiyotaka, èwo ni kí n... Áà! Ó ti tán! Ọmọ yìí fẹ́ fi nǹkan yìí pa mí ni!" Tí mo bá ròyìn rẹ̀ fún Suzuna, á fi àpò ìrọ̀rí bo ẹnu rín títí.

Nínú oṣù kẹfà, nígbà tí òjò kò dá mọ́, àkòrí ìdíje ni "Òjò". Mo dé ọsibítù ní Sátidé, Suzuna ti na ẹ̀rọ rẹ̀ sí mi kí n tó jókòó. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣe èyí wò." Mo ṣe é. Àkèré kan jókòó, ó di agboorùn mú, òjò ń rọ̀ lọ́tùn-ún lósì. Mo fa agboorùn náà síbí, mo fà á sọ́hùn-ún, kí òjò má baà pa á. Àkèré bú sẹ́kún, mo pàdánù. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, mo tún pàdánù. Suzuna rẹ́rìn-ín títí rọ́bà ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ apá rẹ̀ fi ń mì. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti darúgbó o! Ta ló sọ fún yín pé àkèré ń sá fún òjò? Ẹ pa agboorùn yẹn dé fún un!" Mo tẹ agboorùn, ó pa dé, òjò bo àkèré láti orí dé ẹsẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ohùn mẹ́ta kan sì dún, ìkẹta ga ju méjì àkọ́kọ́ lọ. Ojú ẹsẹ̀ ni mo mọ̀. Ẹni tó bá ti ṣe géèmù tí kò dáa rí, ó máa ń dá èyí tó dáa mọ̀ kíákíá, a sì máa jowú ẹni tó ṣe é. Suzuna ní, "Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí ìdíje. Orúkọ mi ni kẹ́ ẹ kọ o, kí Towako lè rí i." Towako ni ọmọ tó wà ní ibùsùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Fọkàn balẹ̀."

Ọ̀sán gangan ni mo ṣe é, nínú yàrá wa, tí oòrùn díẹ̀ yọ lẹ́yìn òjò. Mo dà á kọ sórí ẹ̀rọ tèmi. Nígbà tó kan ibi orúkọ, mo kọ Suzuna. Mo wò ó. Mo pa á rẹ́, mo kọ Kiyotaka. Mo sọ fún ara mi pé tí wọn ò bá mú un, ta ló máa mọ̀? Tí wọ́n bá sì mú un, màá ṣàlàyé fún un, yóò yé e, ọmọdé ni, yóò ṣe òmíràn. Ẹ gbọ́ bí olè ṣe máa ń pẹ̀tù sí ara rẹ̀ nínú.

Wọ́n mú un. Ìwé ìròyìn ìlú wa wá yà mí ní fọ́tò. Akọ̀ròyìn bi mí pé níbo ni mo ti rí ohùn mẹ́ta yẹn. N kò mọ̀. Mo ní ohùn kẹ́tùlù omi gbígbóná ìyá mi àgbà ni. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Osaka kọ lẹ́tà pé kí n wá bá wọn ṣiṣẹ́. Màmá se ìrẹsì ẹlẹ́wà pupa tí a máa ń sè fún ọjọ́ ayọ̀, ó ká ìwé ìròyìn náà sínú ọ̀rá ó sì gbé e lọ síbi iṣẹ́ kí omi má baà kàn án. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì sọ fún Suzuna, pé mo fẹ́ fi ya ọmọ náà lẹ́nu. Mo wá lọ sí ọsibítù, mo wí fún ẹni tó ni nǹkan pé wọn ò mú tirẹ̀. "Ó dáa," ló wí, "ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bá mi fi ránṣẹ́." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi!

Nígbà Obon, ọdún tí a fi ń rántí àwọn òkú wa nínú oṣù kẹjọ, wọ́n jẹ́ kí Towako lọ sílé, níbi tí íńtánẹ́ẹ̀tì wà, fún ọjọ́ mẹ́ta. Sátidé tó padà dé, èmi àti màmá wọ wọ́ọ̀dù bá wọn. Towako ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sókè. "Suzuna, wò ó, àkèré ẹ rèé! Wọ́n mú un! Àmọ́ kí ló dé tó jẹ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n ẹ ló wà níbẹ̀?" Màmá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àṣírí ti tú. Ẹ̀gbọ́n ẹ ló ṣe é, Suzuna. Ó ti gba iṣẹ́ nídìí ẹ̀!" Suzuna ò wo màmá. Èmi ló ń wò. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ fún wọn." Mo ní, "Kí ni kí n sọ?" "Pé èmi ni mo ṣe é." Nọ́ọ̀sì tó gbé oògùn wọlé dúró. Towako dá sí i: "Òun ló ṣe é o, Màmá Suzuna! Ìṣojú mi ló ti ṣe é. Ẹ gbọ́ ohùn yìí." Ó tẹ̀ ẹ́, ohùn mẹ́ta yẹn dún. "Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ wa nìyẹn! Tó bá ti parí báyìí ló máa ń ṣe, a sì máa ń mọ̀ pé wọ́n máa tó tú wa sílẹ̀." Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí mo jí. Ayọ̀ ọmọ tí wọ́n fẹ́ tú sílẹ̀ ni.

Gbólóhùn kan péré ni mo ní láti sọ. Gbogbo wọn ń wo ẹnu mi. Mo ní, "Ìgbàkígbà tí mo bá wá síbí ni mò ń gbọ́ ẹ̀rọ yẹn. Ibẹ̀ ni mo ti mú un. Suzuna, mo mọ̀ pé àìsàn yìí ti sú ẹ, ṣùgbọ́n nǹkan oníǹkan ò ṣe é pè ní tẹni." Mo tiẹ̀ rọ ohùn mi, bí ẹni tó láàánú. Ojú màmá yí padà. "Suzuna! Ẹ̀gbọ́n ẹ tó ń gbé ẹ̀rọ ẹ lọ gbé e bọ̀ nínú òjò? Ojú ò tì ẹ́ níwájú àwọn èèyàn? Tọrọ àforíjì!" Suzuna mi orí pé rárá. Màmá gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ó tẹ orí rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ náà le ọrùn. Màmá tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ọrùn náà rọ̀, mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú aṣọ ìbora: "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Irọ́ ni mo pa." Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi dá a lóhùn, nítorí ìyẹn gan-an ló gbé mi wá síbí. Mo ní, "Kò burú. Mo ti dárí jì ẹ́."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo nawọ́ láti gba ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ní, "Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀." Kò ṣe géèmù mọ́. Kò bú mi, kò yẹra fún mi, tí mo bá kí i, á dáhùn. Nínú oṣù kẹwàá, àrùn wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin ló fi ṣe é, ó sì kú. Osaka ni mo wà, nídìí iṣẹ́ tó gbà fún mi.

Lọ́dún kejìlá lẹ́yìn ìyẹn, a pé jọ fún ìrántí rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ti ọdún kẹtàlá, nítorí ọdún ikú gan-an ni wọ́n ń kà sí àkọ́kọ́. Àlùfáà parí àdúrà, àwọn ẹbí ń jẹun. Màmá wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan tí ó máa ń sọ lọ́dọọdún. Ó ní Suzuna parọ́ ẹyọ kan ṣoṣo láyé rẹ̀, òun sì mú kó tọrọ àforíjì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dárí jì í lójú ẹsẹ̀, ọmọ náà sì kú láìní ẹ̀bi lọ́rùn. "Ìyẹn ni mo fi ń tu ara mi nínú," ló wí. Mo fi igi méjì tí mo fi ń jẹun sílẹ̀. N kò lè jẹ́ kí ó tún un sọ mọ́. Nígbà tí àwọn èèyàn lọ tán, mo dojú bolẹ̀ níwájú rẹ̀, mo jẹ́wọ́ ohun gbogbo.

Mo retí pé kó gbá mi. Kò gbá mi. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló ń wò. "Ọwọ́ yìí ni," ló wí. "Ó le ọrùn, mo sì tún fi agbára kún un. Mo ní kó tọrọ àforíjì." Ó gbójú sókè. "Ìwọ rí èmi wá bẹ̀. Èmi ńkọ́, Kiyotaka? Ọ̀dọ̀ ta ni kí n lọ?" Mo ti rò pé òtítọ́ máa gbé ẹrù kúrò lórí mi. Orí obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni mo gbé e lé. Ohun kan ṣoṣo tó kù fún un láti fi tu ara rẹ̀ nínú, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá pè é lórí fóònù, ó máa ń gbé e, á gbọ́ ohùn mi, á sì rọra gbé e kalẹ̀.

Mo fẹ́ kí wọ́n tiẹ̀ yí orúkọ yẹn padà. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ni géèmù náà. Ìdáhùn tó wá ni pé wọ́n ti ti ibi tí wọ́n ti ń pín àwọn géèmù náà pa tipẹ́, kò sí ọ̀nà tí èèyàn lè gbà yí ohunkóhun padà mọ́. Nínú gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n kó sí kọ́bọ́ọ̀dù káàkiri ilẹ̀ yìí, tí ẹnì kan bá tan ọ̀kan lónìí, orúkọ mi ló máa rí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa wà títí ẹ̀rọ tó kẹ́yìn á fi kú.

N kò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí, kì í ṣe ọwọ́ yín ni mo ti jalè. Ẹni tó yẹ kí n bẹ̀ ti bẹ̀ mí. Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún ni èyí: bí nǹkan ẹlòmíràn bá wà nínú iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi han olùkọ́ yín, àwòrán ni o, ohùn ni o, ẹ lọ bá ẹni tó ni ín lónìí. Ó máa bínú. Ó lè pariwo lé yín lórí lójú ọjà, ó lè má bá yín ṣọ̀rẹ́ mọ́. Ẹ lọ bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ lọ nígbà tó ṣì ní ẹnu tó lè fi bú yín.