Ibi Tí Fóònù Wọn Kò Mọ̀

Ẹ má sọ fún mi pé kí n fara balẹ̀, Bọ̀dá Akínladé! Àná la sin ìyá mi, ẹ wá pè mí sínú ọ́fíìsì, ẹ ń fi tíì lọ̀ mí? Wàláhì, n ò mu tíì yín!

Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ so nǹkan bí aago yẹn mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́? Ẹ ní arúgbó tí iyè rẹ̀ bá ti ń ra, tó ń rìn kiri, àwọn nọ́ọ̀sì á kàn wo àwòrán ilé ìwòsàn yìí lórí fóònù, wọ́n á rí àmì pupa níbi tó wà, wọ́n á lọ mú un wá. Mo gbà yín gbọ́. Mo fi í sílẹ̀, mo lọ wẹ̀ nílé ní Òkè Baálẹ̀, torí pé mo gbà yín gbọ́!

Ìyá dìde, ó rìn jáde. Inú kíṣìnì ni àmì pupa dúró sí. Kíṣìnì! Wọ́n tú kíṣìnì, wọ́n yẹ abẹ́ tábìlì wò, àmì ò kúrò níbẹ̀, wọ́n tún tú u. Ìyá mi sì wà lẹ́yìn ògiri, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó lọ sí ilé òkú, ó ti ṣubú. Ta ni yóò gbọ́ igbe rẹ̀? Nígbà tí wọ́n fi máa rí i, ó ti tutù. Yéè! Ìyá tó bí mi!

Kí lẹ wí? Nẹ́tíwọ̀kì? Ẹ má purọ́ mọ́ nẹ́tíwọ̀kì o! Ẹ̀yin lẹ fẹnu ara yín sọ fún Nọ́ọ̀sì Fẹ́yìsetán pé gbogbo ibi lèèyàn gbọ́dọ̀ gbé fóònù dé, kó dúró níbẹ̀, kí fóònù há bí wàìfáì ṣe ń dé ibẹ̀ sórí. Pé ibi téèyàn ò bá dé, ibi tí wàìfáì rẹ̀ jọ tibẹ̀ jù ni fóònù yóò máa pè é. Kí ló wá dé tẹ́ ò gbé e dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn? Ẹ ní ẹ̀rù òkú ń bà yín! Ọkùnrin gìrìpá tí wọ́n lọ mú wá láti Iléṣà pé iṣẹ́ rẹ̀ mọ́! Ẹ̀rù àwọn tí ò lè dìde bà yín, ẹ fi ìyá mi tó ṣì ń mí ṣòfò!

Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi. Ṣé ìkúnlẹ̀ á jí i ni? Bàbá kan ṣì ń rìn kiri ní wọ́ọ̀dù yẹn, nǹkan bí aago yín yẹn wà lọ́rùn ọwọ́ òun náà. Ó yá, ẹ gbé fóònù yẹn. A jọ ń lọ ni. Ẹ máa dúró gan-an níbi tí ìyá mi ṣubú sí, n ó dúró tì yín, a ò ní kúrò títí fóònù yín á fi mọ ibẹ̀.