Àmì Tí Kò Bá a Wáyé

Ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yẹn, ọmọ mi, kí o wá jókòó. Bí oníbàárà bá kànkùn, jẹ́ kó máa kàn án. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, mo ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé èmi àti òun la jọ máa wọlẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí o sọ láàárọ̀ yìí kò jẹ́ kó ṣeé ṣe mọ́. O bọ́ sálúbàtà, o gbẹ́sẹ̀ lé àga, mo sì rí àmì dúdú kan ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ. Mo ní kí lèyí. O rẹ́rìn-ín, o ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Àmì ìbí ló pa ìyá mi. Tèmi yìí ò bá mi wáyé, bí ọdún tó kọjá ló yọ." Ọmọ mi, àmì tó pa ìyá rẹ kò bá a wáyé. Èmi ni mo sọ pé ó bá a wáyé. Irọ́ ni mo pa, mo mọ̀ pé irọ́ ni, owú ló sì mú kí n pa á.

Má tíì sọ̀rọ̀. Bí o bá dá mi dúró, màá tún sá fún un, bí mo ṣe ń sá fún un láti ọjọ́ yìí wá. Mo ti tó ọmọ tó ń gbé garawa omi nígbà tí wọ́n bí ìyá rẹ, ìyá wa kò sì pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn. Èmi ni mo ń wẹ àbúrò mi. Kò sí kọ̀rọ̀ ara rẹ̀ tí ọwọ́ mi kò dé. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ bí inú àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Bàbá wa, aránbàtà tó kọ́ mi níṣẹ́, kò lè mọ̀, torí ẹni tó ń wọn ẹsẹ̀ kì í wo abẹ́ rẹ̀. Orí páálí ni ẹsẹ̀ máa ń wà, yóò kàn fi pẹ́ńsùlù yí i ká ni. Èmi nìkan ni ẹlẹ́rìí, ẹlẹ́rìí burúkú sì ni mí.

Nígbà tí mo mọ bàtà rán, Bàbá á kó èyí tí mo rán fún àbúrò mi wọ̀, á ní kó máa rìn lọ rìn bọ̀ níwájú àwọn oníbàárà. Wọ́n á ní, "Ẹ wo ẹsẹ̀ bí ẹní gbẹ́ ẹ." Wọ́n sọ ọ́ ní Ẹlẹ́sẹ̀-Oge. Kò sí ẹnì kan tó bèèrè ẹni tó rán bàtà. Bí ibà bá mú mi, wọ́n á ní kí n rọra ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Bí òun bá sín lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ilé á máa wá aṣọ òtútù kiri. Nígbà tó tó àkókò ilé-ìwé gíga, Bàbá pè mí sẹ́yìn ilé, ó ní, "Ìwọ ti mọṣẹ́ ná. Jẹ́ kí àbúrò rẹ kàwé." Mo ní ó dáa, sà. Mo ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú, mo ń tu itọ́ funfun jáde. Òun kò sì ṣẹ̀ mí o. Mo wá ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ títí, n kò rí i, ìyẹn gan-an tún ń bí mi nínú.

Ìgbà tí mo fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi yìí, ìyá rẹ ti di tíṣà, ìwọ sì ń kọ́ ìrìn. Mo ti kun ògiri, mo ti to bàtà, mo ti pe èèyàn fún Sátidé. Ọjọ́ kan péré tí yóò jẹ́ tèmi láyé mi nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni àbúrò mi rí àmì dúdú kan ní gìgísẹ̀ rẹ̀, kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Bàbá fárígá pé àfi ká lọ sí ilé ìwòsàn, àwa mẹ́ta la sì lọ. Dókítà náà, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù, fi awò kan tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó, ó wò ó pẹ́. Ó ní nǹkan kan wà nínú awọ ara wa tó ń fún un ní àwọ̀. Nígbà mìíràn ó lè ṣù jọ síbì kan di àmì, kò sì sí ewu. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ó lè ya ìyàkuyà, kó máa pọ̀ sí i láìgbọ́ràn, ìyẹn ni jẹjẹrẹ awọ tí wọ́n ń pè ní mẹlanómà. Ó ní, "Ojú lásán kò lè dá wọn mọ̀ tán. Ìgbà wo lèyí yọ? Bó bá jẹ́ pé ẹ bá a wáyé ni, tí kò sì yí padà, ọkàn mi á balẹ̀ díẹ̀. Bó bá jẹ́ tuntun, ẹ máa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Sátidé, kí wọ́n gé e yẹ̀ wò." Àbúrò mi wojú mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ló mọ̀ ọ́n, Dókítà. Àwọn ló wẹ̀ mí."

Kí n tó la ẹnu, Bàbá ti dáhùn. Ó ní, "Ká sún ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù síwájú nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù ò ní sá lọ." Kò tilẹ̀ wo ojú mi kó tó sọ ọ́. Ìbínú gun mi dé orí. Mo ní nínú ọkàn mi pé, lẹ́ẹ̀kan yìí, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọn ò ní pa tèmi tì nítorí tirẹ̀. N kò fẹ́ kó kú, ọmọ mi. Bí mo bá ní mo fẹ́ kó kú, mo tún purọ́ nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n má kó ara wọn jọ yí i ká ní Sátidé. Mo gbójú sókè, mo ní, "Ó bá a wáyé, Dókítà. Láti ìkókó ló ti wà níbẹ̀, ojoojúmọ́ ni mo ń fọ̀ ọ́." Ara tu gbogbo wọn. Dókítà kìlọ̀ pé bó bá ń tóbi, bí apá kan rẹ̀ kò bá jọ ìkejì, bí etí rẹ̀ bá rí ṣákaṣàka, bí àwọ̀ rẹ̀ bá di oríṣiríṣi tàbí tó bá ṣẹ̀jẹ̀, ká sáré padà wá. Ní Sátidé, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù mi. Àbúrò mi wọ bàtà mi tó dára jù lọ wá bá mi yọ̀, àwọn èèyàn sì yí i ká, wọ́n ń yin ẹsẹ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún kan ó lé díẹ̀, ó na ẹsẹ̀ sí mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wò ó. Ó dà bíi pé ó ti tóbi." Ó ti tóbi. Apá kan dúdú, apá kan rí bí eérú, etí rẹ̀ rí bíi páálí tí eku jẹ. Gbogbo ohun tí dókítà kà sílẹ̀ ló pé síbẹ̀. Mo ní, "Ìwọ náà ń sanra, ṣé kí àmì rẹ má sanra ni?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Bó bá padà lọ, wọ́n á tún bi mí ní ìbéèrè yẹn, irọ́ mi á sì tú. Ẹ̀rù ti gorí owú nígbà náà.

Èyí tó burú jù lọ ni mo fẹ́ sọ báyìí, má gbójú kúrò lára mi. Nígbà tí wọ́n fi ìyá rẹ ṣe ọ̀gá ilé-ìwé, Bàbá jókòó sórí àga tí o wà yẹn, ó ní, "Ọmọ mi kan ti di èèyàn." Ṣọ́ọ̀bù mi ló ti sọ ọ́, àárín bàtà mi. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń ho nínú mi nígbà tí àbúrò mi wọlé, tó ń tiro, tó ní bàtà tuntun tí mo rán fún òun ń dùn òun ní gìgísẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ inú bàtà, ọwọ́ mi kan ibi tó tutù. Ẹ̀jẹ̀ ni. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Dípò kí n sọ ọ́, mo mú ọ̀bẹ tí mo fi ń gé awọ, mo gbẹ́ ihò róbótó sí ìtẹ́lẹ̀ bàtà náà níbi tí àmì yẹn máa ń wà, mo fi fóòmù tẹ́ inú rẹ̀, mo fi awọ rírọ̀ bò ó, mo lẹ̀ ẹ́ dáadáa. Iṣẹ́ náà mọ́ lọ́wọ́ mi. Ó wọ̀ ọ́, ó rìn lọ rìn bọ̀, ó ní, "Kò dùn mí mọ́ rárá. Ẹ̀gbọ́n mi, Ọlọ́run á dá yín sí fún mi." Títí sáà ilé-ìwé yẹn fi parí ló ń fi bàtà náà rìn.

Kókó tó yọ sí abẹ́ itan rẹ̀ ló gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n gé díẹ̀ lára àmì náà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, mẹlanómà ni, ó sì ti kúrò ní ẹsẹ̀ ó ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Àbúrò mi bi dókítà ibẹ̀ bóyá oòrùn ló fà á. Ó ní oòrùn máa ń fà á lára àwọn aláwọ̀ funfun, ṣùgbọ́n lára aláwọ̀ dúdú, ibi tí oòrùn kì í dé ló sábà máa ń yàn: àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́, abẹ́ èékánná, ohun tó ń fa irú ìyẹn kò tíì yé àwọn gan-an. Àbúrò mi tún ní, "Ṣé kì í ṣe pé ẹnì kan ló fi ṣe mí?" Dókítà ní, "Kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ìyá. Àìtètè wá yín ló fa ìṣòro. Kí ló dé?" Ìyá rẹ ní, "A rò pé mo bá a wáyé ni. Ẹ̀gbọ́n mi wà níbí, ẹ bi wọ́n." Dókítà yíjú sí mi. Mo mi orí bẹ́ẹ̀ ni. Mo mi orí, ọmọ mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Kó tó kú, ó fi ọwọ́ rẹ lé mi lọ́wọ́, ó ní kò sí ẹlòmíràn tí òun lè fi ọ́ sílẹ̀ fún. Àwọn èèyàn sì ń sọ kiri pé irú ẹ̀gbọ́n yìí ṣọ̀wọ́n. Mo ń gba oríyìn náà, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Mo tọ́ ọ, mo sì fẹ́ràn rẹ, ìyẹn kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n irọ́ mi ni o fi kọ́gbọ́n, òun náà lo fi ń sọ pé àmì tuntun kò lè ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Ó lè jẹ́ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ lóòótọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú irú àmì bẹ́ẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ. N kò mọ̀. Ẹni tó máa fi awò wò ó, tó máa gé e yẹ̀ wò bó bá yẹ, ló máa mọ̀. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ìgbà wo ló yọ, má ní kí wọ́n bi ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí kankan. Sọ ohun tí ìwọ fúnra rẹ fi ojú rẹ rí.

Mo rí i pé o ti ń sunkún. Mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí, ẹnu mi ń yún mi láti bẹ̀ ọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá bẹ̀rẹ̀, o lè jókòó tì mí di ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n sì ti ti ilé ìwòsàn. Ìdáríjì lè dúró, bó bá sì wù ọ́, kó má wá mọ́. Máa bínú sí mi lọ lójú ọ̀nà. Dìde, wọ bàtà rẹ, kí o lọ báyìí.