Ọ̀rọ̀ Tí Mùdáṣírù Kò Kà Dópin

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó dá ahọ́n, tó fi eyín ṣe ọgbà yí i ká. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ kó máa bá Ànábì wa. Ẹ̀yin mùsùlùmí òdodo, lọ́kùnrin lóbìnrin, ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò gùn. Ìwádìí ni. Bí ìròyìn bá dé bá ọ, wádìí ẹ̀ kó o tó gbà á gbọ́, kó o tó gbé e fún ẹlòmíràn. Ọlọ́hun ló pa á láṣẹ, kì í ṣe èmi. Alhaja, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó lábẹ́ fáànù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fóònù yẹn sí báàgì ná. Ọ̀rọ̀ fóònù gan-an la fẹ́ sọ.

Ọkùnrin kan wà, ọmọ Ìwó, Mùdáṣírù lorúkọ ẹ̀. Ó kéwú, ó yanjú. Bó bá ń ka Lárúbáwá, ẹ máa rò pé ó mu ún mọ́ ọmú ìyá ẹ̀ ni. Òun àti ìyàwó ẹ̀, Sàfúrátù, lọ ń gbé ní ìlú ńlá kan ní ilẹ̀ Lárúbáwá. Mi ò ní dárúkọ ìlú náà. Tí mo bá dárúkọ ẹ̀, ẹ máa bú gbogbo ará ibẹ̀ kí n tó parí wáàsí.

Iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Ẹ gbọ́ o. Ọ́fíìsì kan wà níbẹ̀ tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ ìkórìíra lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá fẹ́ lé ẹ̀yà kan, tàbí kí wọ́n dojú ìjà kọ àwọn àlejò, orí fóònù ni èébú ti kọ́kọ́ ń gbóná kó tó dé ìgboro. Kọ̀ǹpútà á kó ohun tí àwọn èèyàn ń kọ ní Lárúbáwá jọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ṣé kọ̀ǹpútà kéwú ni? Kò kéwú. Èèyàn ló ń kọ́ ọ. Mùdáṣírù àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ á ka díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á fi àmì pupa sí èyí tó jẹ́ ìkórìíra, àmì funfun sí èyí tó mọ́. Ohun tí wọ́n bá fọwọ́ sí ni kọ̀ǹpútà á fi kọ́gbọ́n, tí á sì fi dá ìyókù mọ̀ fúnra ẹ̀. Bí pupa bá pọ̀ lórí àwọn èèyàn kan ní àdúgbò kan, ọ́fíìsì á ta àwọn aláṣẹ lólobó, ọlọ́pàá á lọ dúró síbẹ̀ kí ìjà tó bẹ́. Ṣé iṣẹ́ rere kọ́ nìyẹn? Làádá wà ńbẹ̀, wàláhì.

Ọ̀gá wọn, Ùsìtáàsì Haisam, ọmọ ìlú yẹn, òfin kan ṣoṣo ló máa ń tẹnu mọ́: “Ẹ kà á dópin. Kódà kó gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀, ẹ kà á dópin.”

Àmọ́ ẹ mọ àwa tá a ti ilé kéú wá. Ìwé tó bá ti ní orúkọ Ọlọ́hun nínú, ṣé a máa ń jẹ́ kó balẹ̀? Orí la máa ń gbé e lé. Ohun tó ṣe Mùdáṣírù nìyẹn. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá ti fi Bìsìmílà bẹ̀rẹ̀, tó fi àmín parí, kò ní ka àárín ẹ̀ mọ́. Á ní, “Àmín, yáà Ọlọ́hun,” á fi àmì funfun sí i, ó di òmíràn. Ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ló pè é. Ó tiẹ̀ máa ń fọ́nnu fún àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ pé, “Èmi ò lè fi àmì pupa sórí orúkọ Ọlọ́hun láéláé.”

Ní Àtàláátà kan, àtẹ̀jíṣẹ́ kan dé iwájú ẹ̀. Bìsìmílà lókè. Àsàlátù fún Ànábì tẹ̀lé e. Nísàlẹ̀ pátápátá: “Fi ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́wàá kí Jímọ̀ tó dé, wàá rí làádá. Àmín.” Mùdáṣírù ní àmín. Ó tẹ funfun. Àárín ńkọ́? Àárín ni ejò ká sí! Ẹni tó kọ ọ́ ní àwọn obìnrin dúdú tó ń ṣe búrẹ́dì lẹ́bàá odi àtijọ́ ń po ìdọ̀tí mọ́ ìyẹ̀fun láti fi pa ọmọ àwọn onílẹ̀, pé kí gbogbo onígbàgbọ́ òdodo lọ lé wọn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Irọ́ gbuu.

Kọ̀ǹpútà sì gbà á bẹ́ẹ̀. Kí lọmọ kéú mọ̀ ju ohun tí àfáà ẹ̀ kọ́ ọ? Ó ti rí i lọ́wọ́ Mùdáṣírù láìmọye ìgbà pé èyí tí àdúrà bá wà lókè àti nísàlẹ̀ ẹ̀, funfun ni. Àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn di ẹgbẹ̀rún, ó di ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, funfun ni gbogbo ẹ̀. Ọkàn gbogbo wọn balẹ̀ nínú ọ́fíìsì.

Ta wá ni àwọn obìnrin dúdú tó ń ṣe búrẹ́dì lẹ́bàá odi àtijọ́? Sàfúrátù, ìyàwó Mùdáṣírù, wà lára wọn. Ẹ ò gbọ́ ni? Mo ní ìyàwó ẹ̀ wà lára wọn!

Ní Àlàmísì, bí wọ́n ṣe ń jẹun, Sàfúrátù ní, “Bàbá Kúbúrátù, ara ń fu mí o. Oníbàárà wa kan ju búrẹ́dì padà sí mi láyà lónìí. Òmíràn tutọ́ sílẹ̀ níwájú mi. Ẹ ò ṣe jẹ́ kí n jókòó sílé lọ́la?”

Mùdáṣírù rẹ́rìn-ín. “Ìyá Kúbúrátù, kí niṣẹ́ mi? Ṣebí èmi ni mò ń ṣọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nílùú yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá ń gbèrò ibi sí yín, kọ̀ǹpútà wa á ti pariwo. Mo wò ó kí n tó kúrò lọ́fíìsì, kò sí nǹkan kan. Lọ síbi iṣẹ́ ẹ, jàre.”

“Mo tún fẹ́ sọ pé…”

“Mo ní kò sí nǹkan kan.”

Sàfúrátù ní, “Bẹ́ ẹ bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ó tán.” Ó gbọ́kàn lé ọkọ ẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n ya lu ilé búrẹ́dì náà. Kò sí ọlọ́pàá kankan níbẹ̀. Mi ò ní sọ gbogbo ohun tí wọ́n ṣe, torí àwọn ọmọdé wà láàárín wa. Wọ́n ti Sàfúrátù lu ẹnu ààrò. Ọwọ́ méjèèjì ló fi bo ojú. Iná jó o dé igunpá.

Lọ́jọ́ kejì, Haisam pe gbogbo wọn jọ, ó gbé àkọsílẹ̀ bí àtẹ̀jíṣẹ́ náà ṣe kọjá sára ògiri. Ó ní ẹyọ kan ṣoṣo ló gba ọwọ́ èèyàn kọjá, pé èyí ni kọ̀ǹpútà wò tó fi jẹ́ kí àwọn yòókù kọjá. Nọ́ńbà ẹni tó fọwọ́ sí i wà níbẹ̀. “Ta ni Mẹ́tàdínlógún?”

Mùdáṣírù dìde. Haisam ka àárín àtẹ̀jíṣẹ́ náà sókè fún un. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa gbọ́ ọ nìyẹn.

Ó dé ọsibítù. Wọ́n ti fi báńdéèjì di ọwọ́ Sàfúrátù méjèèjì. Obìnrin náà ti gbọ́ nípa àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Ó ní, “Bàbá Kúbúrátù, ṣé wọ́n ti rí ẹni tó kọ ọ́?”

“Wọn ò tíì rí i.”

“Ẹni tó jẹ́ kó kọjá ńkọ́?”

Ọkùnrin náà bú sẹ́kún. “Èmi ni, Sàfúrá. Mi ò kà á. Mo rí Bìsìmílà, mo ní àmín.”

Sàfúrátù ní, “Mo bá yín sọ̀rọ̀ ní Àlàmísì. Tèmi náà, ẹ ò gbọ́ ọ dópin.” Ó yíjú sí ògiri.

Àwọn kan ní ó dárí jì í. Àwọn kan ní kò dárí jì í. Èmi ò wádìí ẹ̀, mi ò sì ní parọ́ lórí mímbárì.

Ó yá, ẹ mú fóònù yín jáde wàyí. Alhaja, ẹ mú tiyín jáde. Láàárọ̀ yìí, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé lórí gúrúùpù àsàlátù wa, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá. Bìsìmílà lókè, àmín nísàlẹ̀. Àárín ẹ̀ ní àwọn aláàárù tó ti òkè Ọya wá ń da májèlé sínú kànga ẹ̀yìn ọjà, pé ká lé wọn. Mo lọ wo kànga náà. Ó ti gbẹ láti ọdún méjì sẹ́yìn! Ẹ̀yin mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lẹ sì ṣe àmín sábẹ́ ẹ̀. Mo kà yín. Alága wa wà níbẹ̀. Ẹ má wolẹ̀, Alága.

Màláàmù Sábíù, ọ̀kan lára àwọn aláàárù òkè Ọya tó ń gbẹ́rù lọ́jà wa, wà nínú ìjókòó yìí. Òun ló wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, nítòsí ibi tẹ́ ẹ bọ́ bàtà sí. Òun náà ní fóònù. Òun náà wà nínú gúrúùpù yẹn.

Ẹ jẹ́ ká tẹ́wọ́. Yáà Ọlọ́hun, ìwọ tí máláíkà rẹ ń kọ ohun tí ahọ́n sọ àti ohun tí ìka tẹ̀, fi wá mọ̀nà. Fún wa ní sùúrù láti wádìí…

Ẹ ti ń ṣe àmín! Mi ò tíì parí. Ẹ gbọ́ ọ dópin.

Yáà Ọlọ́hun, dáàbò bo Màláàmù Sábíù, ìyàwó ẹ̀ àti àwọn ọmọ ẹ̀, lọ́wọ́ wa.

Ó yá, ẹ ṣe àmín.