Iṣẹ́ Tí Màmá Rákélì Rán Mi

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo mọ̀ pé ìtàn ìgbésí ayé àwọn ará wa tó ti sùn ni ẹ ń retí kí n kà, bí mo ṣe máa ń kà á lọ́dọọdún ní ọjọ́ ìrántí yìí. Mi ò ní í kà á. Ohun tí ojú mi rí lánàá ni màá sọ. Ẹ fi sùúrù gbọ́ mi.

Lánàá Sátidé, lẹ́yìn tí àwa obìnrin gbá ilé Ọlọ́run yìí tán, tí a nu àga, tí a pààrọ̀ aṣọ pẹpẹ, àwọn yòókù lọ sílé, ó ku èmi nìkan. Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà, èmi ni mo ń kọ ìtàn àwọn olóògbé ìjọ wa. Ti ẹni méjì ni ti ọdún yìí: Bàbá Àjíbádé, tó lu agogo wa láti ìgbà tí irun orí wọn ṣì dúdú, àti Màmá Rákélì, ìyá ẹgbẹ́ akọrin. Ti Bàbá kò le rárá. Mo kọ bí wọ́n ṣe máa ń rìn láti oko wá lọ́jọ́ òjò, tí wọ́n á dúró sí ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n á fún omi kúrò lára ṣòkòtò wọn kí ilẹ̀ má baà tutù, kí wọ́n tó wá di okùn agogo mú. Ti Màmá Rákélì ni ó há mi lọ́wọ́. Mo kọ ọ́ pé, "Wọn kò fi ẹnu wọn ba ẹnikẹ́ni jẹ́ rí." Bí mo ṣe kọ ọ̀rọ̀ yẹn tán, mo gbé kálàmù sílẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ sí ìdí àga kẹta yìí, mo bẹ Ọlọ́run kí ó fún mi ní ìbàlẹ̀ ọkàn. Oòrùn ọ̀sán ń gba ojú fèrèsé wọlé, ó ń ta mí lẹ́yìn. Àdúrà náà kò tíì kúrò lẹ́nu mi tí oorun fi gbé mi lọ.

Ẹnìkan pè mí. Orúkọ tí ìyá mi fi ń pè mí ní kékeré ni ó pè, orúkọ tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò mọ̀. Mo gbójú sókè, mo rí ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun, n kò sì rí ojú rán kankan lára aṣọ náà. Ó ní, "Dìde. A ní kí n mú ọ rin ọ̀nà kan."

Mo ní, "Ṣé mo ti kú ni, olúwa mi?"

Ó ní, "O kò tíì kú. Máa tẹ̀lé mi, má sì dúró níbi tí n kò bá dúró sí."

Ẹ̀yìn pẹpẹ ni ọ̀nà náà gbà. A kò rìn jìnnà tí ilẹ̀ fi di pupa, kò sí koríko, kò sí ẹyẹ, ooru sì ń jáde láti inú ilẹ̀ bí ẹni pé ẹnu ààrò ni a dúró sí. Mo rí ọkùnrin kan tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bọ̀ lọ́nà. Odidi òrùlé ilé ni ó rù. Páànù náà pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ, ó ń jó o lórí, ó ń jó o léjìká, ó ń wá ibi tí yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí, kò rí. Mo bi amọ̀nà mi pé kí ni ọkùnrin yìí ṣe. Ó ní, "Àbúrò rẹ̀ kú, ó lé ìyàwó àti ọmọ jáde, ó gba ilé. Ó ní tòun ni. Ó ti di tirẹ̀ nísinsìnyí."

Ọkùnrin náà gbé ojú sókè, mo sì dá a mọ̀. Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n! A ti jọ jókòó nínú ilé yìí. Mo la ẹnu láti pe orúkọ rẹ̀, amọ̀nà mi fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu, ó ní, "Kì í ṣe torí tirẹ̀ ni a fi mú ọ wá." Nítorí náà, mi ò ní í dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ń sùn nínú ilé tó gbà lọ́wọ́ opó láàrin wa, kí ó yára kó ẹrù rẹ̀ jáde.

A sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì kan tí èéfín kún. Ọkùnrin àti obìnrin pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n ń fi orúkọ ìkẹ́ pe ara wọn, wọ́n ń sáré wá ara wọn kiri. Bí ọwọ́ ẹnìkan bá ti kan ẹnìkejì báyìí, àwọn méjèèjì á bú sí igbe, awọ ara wọn á bó, wọ́n á tú ká, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ara wọn. Amọ̀nà mi ní, "Àwọn tó da ilé ara wọn àti ilé onílé rú nìyí." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ta ni ò ń wá?"

Ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ mọ ẹni tí mò ń wá. Ọlọ́dùùrù wa àtijọ́ ni, ẹni tó ti kú tipẹ́. Ẹ rántí Mojísọ́lá, ọmọbìnrin tó máa ń dá orin nígbà náà, tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku oṣù méjì. Ọ̀rọ̀ jáde pé wọ́n rí i ní ìdájí, tó ń jáde nílé ọlọ́dùùrù. A pe ìpàdé. Ó sunkún, ó búra, a kò gbà á gbọ́. A yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ẹni tó fẹ́ fẹ́ ẹ kọ̀ ọ́, ó lọ fẹ́ àbúrò Màmá Rákélì. Mojísọ́lá fi ìjọ yìí sílẹ̀, kò sì padà mọ́. Ìwé tí wọ́n fi yọ ọ́, èmi ni mo kọ ọ́. Ọwọ́ mi yìí ni.

Mo dá amọ̀nà mi lóhùn pé, "Ọlọ́dùùrù wa ni mò ń wá."

Ó ní, "Kò sí níbí. Kò ṣe ohun tí ì bá gbé e dé ibí."

Mo ní kí a padà. Ó ń lọ, èmi náà ń tẹ̀lé e, títí a fi dé gbọ̀ngàn kan tó rí gẹ́lẹ́ bí ilé ìjọsìn. Àga wà níbẹ̀ ní ìlà-ìlà. Ènìyàn kún un, aṣọ ìsìn ni gbogbo wọn wọ̀, olúkúlùkù sì di ìwé mú, ó ń kà á sókè. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kà dùn mọ́ni: ẹni rere ni, ẹni àlàáfíà ni, kò ṣe ọmọnìkejì rẹ̀ níbi rí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bá ti jáde, ẹyin iná ni ó ń dà, á bọ́ padà sí wọn lẹ́nu, wọn kò lè gbé e mì, wọn kò sì lè tu ú.

"Àwọn wo nìyí, olúwa mi?"

"Òpùrọ́ ni wọ́n."

"Ṣé àwọn tó ń ba orúkọ ènìyàn jẹ́ ni?"

"Àwọn yẹn wà nísàlẹ̀. Irọ́ ti àwọn wọ̀nyí dùn létí. Òtítọ́ ni a fi rán wọn, wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀."

Àga kan ṣófo láàrin wọn. Mo rí i, mo sì ti mọ̀ ọ́n kí n tó dé ìdí rẹ̀, nítorí ìwé tó wà lórí rẹ̀ ìwé tèmi ni, bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà ni wọ́n ṣe kọ ọ́, yíǹkì rẹ̀ kò tíì gbẹ, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà mí, ẹsẹ̀ mi ń lọ láìjẹ́ pé mo gbé e, mo di aṣọ amọ̀nà mi mú, aṣọ náà ń yọ́ lọ́wọ́ mi, mo ń pe Jésù, Jésù, ohùn mi kò jáde, àwọn tó ń kàwé yí ojú padà wò mí lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan nínú wọn sì sún sẹ́yìn kí n lè ráyè kọjá lọ jókòó. Ẹ̀yin ará, sísún tó sún fún mi yẹn ni ó bà mí lẹ́rù ju iná lọ.

Mo ké pé, "Mo mọ̀ ọ́n! Mo mọ ohun tí mo ṣe!"

Ilẹ̀ dúró.

Ohun tí mo mọ̀ rèé. Ní ọjọ́ mẹ́jọ kí Màmá Rákélì tó kú, mo lọ kí wọn lórí àìsàn. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ wọn jáde. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Tíṣà, èmi ni mo pa irọ́ mọ́ Mojí. N kò rí i níbìkankan. Mo fẹ́ kí àbúrò mi rí ọkọ ni. Bá mi pè é wá, kí n tọrọ àforíjì kí n tó lọ."

Mo ní, "Màmá, ẹ sinmi. Ọlọ́run ti dárí jì yín. Ọ̀rọ̀ tó ti pẹ́ báyìí, kí la fẹ́ tú u sí?"

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Tí n kò bá rí i, sọ fún un. Sọ fún ìjọ. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Mo ní màá ṣe é. N kò ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, torí Ọlọ́run kúkú ti mọ̀ ọ́n: mo mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ náà bá jáde, ẹ ó bèèrè ẹni tó kọ ìwé ìyọnilẹ́gbẹ́ yẹn.

Mo bi amọ̀nà mi, mo ń sunkún, mo ní, "Màmá Rákélì ńkọ́? Ṣé ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n wà?" Ó yí padà, a bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ooru ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí afẹ́fẹ́ fi rí bí ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ kò ta ojú. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo rí ni Bàbá Àjíbádé, wọ́n jókòó, ẹsẹ̀ wọn tó máa ń wú ti rọ̀.

Mo ní, "Bàbá, ẹ kì í lu agogo mọ́ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ta ni màá fi pè? Àwọn tó wà níbí ti dé."

Nígbà náà ni mo gbọ́ tí ẹnìkan ní, "Tíṣà!" Màmá Rákélì ni. Ẹ̀yin ọmọ wọn tí ẹ jókòó níwájú yìí, tí ẹ ti ń wò mí pẹ̀lú ìbínú, ẹ gbọ́: ìyá yín wà nínú ìsinmi. Mo rí wọn. Ojú wọn ń dán. Wọ́n sáré wá bá mi, ayọ̀ kún ẹnu wọn, wọ́n ní, "O ṣeun, Tíṣà. O ṣeun tí o bá mi jíṣẹ́ yẹn. Kí ni Mojí wí?"

Wọ́n rò pé mo ti sọ ọ́.

Wọ́n kò bínú, wọ́n kò fajú ro. Wọ́n dúró, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń retí èsì. N kò lè wo ojú wọn. Mo yí sí amọ̀nà mi. Ó ní, "Ó ti ronú pìwà dà, ó sì ti rán iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ọrùn rẹ ni ó wà."

Mo ní, "Bí n kò bá jẹ́ iṣẹ́ náà ńkọ́?"

Ó kàn wo ọ̀nà tí a gbà wá. Mo jí.

Oòrùn kò tíì kúrò lẹ́yìn mi. N kò dé ilé. Mo gun ọ̀kadà lọ sí ìsàlẹ̀ odò, níbi tí mo ti gbọ́ pé Mojísọ́lá ti ń ránṣọ. Ó wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà. Ṣé aṣọ lẹ fẹ́ rán?" Lẹ́yìn náà ni ó dá mi mọ̀.

Mo kúnlẹ̀ lórí àwọn èérún aṣọ tó wà nílẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde, mà. Ẹ jù mí lọ." N kò dìde. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò sunkún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ ẹ̀rọ náà, kò sì sí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Ó ní, "Ìgbà wo ni Màmá Rákélì sọ fún yín?"

Mo ní, "Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn."

Ó ní, "Ìyá mi kú nígbà òjò. Títí èémí fi bọ́ lẹ́nu wọn ni wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́wọ́."

Ẹ̀yin ará, iṣẹ́ kan péré, ọ̀nà ọ̀kadà kan, n kò lọ, obìnrin kan sì kú pẹ̀lú ìtìjú ọmọ tí kò ṣe nǹkan kan. Mo bẹ Mojísọ́lá kí ó dárí jì mí. Ó ní, "Mi ò mọ̀ bóyá mo lè ṣe é. Ẹ lọ sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti bà mí jẹ́. Màá dúró síta, kí n fi etí ara mi gbọ́."

Nítorí náà, mo kìlọ̀ fún yín, kí n tó kìlọ̀ fún ẹlòmíràn mo ti kìlọ̀ fún ara mi. Bí ẹni tó ń kú lọ bá fi òtítọ́ sí ọ lọ́wọ́, má ṣe sùn lé e lórí. Má sọ pé ó ti pẹ́. Má sọ pé kí orúkọ olóògbé má baà bàjẹ́. Mo ti rí àga náà, mo sì rí ẹni tó ń sún kí n ráyè.

Ẹ gbọ́ o. Mojísọ́lá kò ṣe àgbèrè. Ọlọ́dùùrù kò fọwọ́ kàn án rí. Irọ́ ni Màmá Rákélì pa, irọ́ ni mo kọ sínú ìwé, irọ́ ni mo tún fẹ́ kà fún yín láàárọ̀ yìí.

Ó wà níta báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó lẹ́yìn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ṣí ilẹ̀kùn.