Irin Kékeré Ẹnu Ìbọn Ògúnlékè

Lónìí ni wọn yóò pa mí lójúbọ Ògún, bí oòrùn bá kan àtàrí. Inú túbú ààfin Ìjerò ni mo wà. Ẹ má ṣàánú mi, ẹ kàn gbọ́ mi. Omi tí wọ́n ń gbé fún mi, irin ni mo ń tọ́ wò nínú rẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ ni mí, mo sì ń ṣọdẹ. Ògúnlékè ará Ìjùrìn gba ìbọn òyìnbó kan bọ̀ láti ojú ogun, irú èyí tí a ń ki ọta sí láti ẹ̀yìn. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ mi láàrin ọdẹ. Ó dùn mí wọ egungun.

Lọ́jọ́ kan ó gbé ìbọn náà wá pẹ̀lú iṣu díẹ̀. Irin kékeré tó dúró ní ṣóńṣó ẹnu rẹ̀, tí a fi ń wo ọ̀kánkán ohun tí a fẹ́ yìn, ti ń mì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi dè é kó le. Uṣu tí mo mú wá kò tó nǹkan o."

"Gbé e síbẹ̀."

Ìda oyin ni mo fi lẹ̀ ẹ́ dípò òjé. Mo kàn fẹ́ kó tàsé lẹ́ẹ̀kan níbi tí àwa ọdẹ ti ń yìnbọn díje lọ́dún Ògún ni. Ó sì tàsé. Àwọn obìnrin hó lé e lórí. Háà, ara mi yá gágá!

Ó padà wá, kò bínú. "Ẹ̀gbọ́n, ó tún ń mì."

Lọ́tẹ̀ yìí mo yọ́ òjé, mo dè é típẹ́típẹ́, ṣùgbọ́n mo yí i sí òsì díẹ̀, kí ọta lè máa gba ọ̀tún. Mo mọ̀ pé ẹfọ̀n ló ń lọ dọdẹ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹfọ̀n tí ọta bá kàn ha lára kì í sá fún ọdẹ. Síbẹ̀, bí àṣà wa, mo fi ahọ́n kan irin náà, mo búra pé ó tọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé wálé láti igbó Ẹ̀fọ̀n.

Níbi ìṣípà tí a fi ń dágbére fún òkú ọdẹ, olórí ọdẹ ní kí a fi ìbọn náà yin igi ọ̀pẹ kan. Ọdẹ kan yìn ín, ó tàsé. Òmíràn yìn ín, ó tàsé. Wọ́n ń sunkún pé ìbọn ń ṣọ̀fọ̀ olówó rẹ̀. Ìlara burúkú yẹn tún gbé mi: mo fẹ́ kí wọ́n dárúkọ mi. Mo gbà á, mo fojú sun ẹ̀gbẹ́ òsì igi náà, mo yìn ín. Ó bà á láàrin gbùngbùn.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

"Gbogbo wa fojú sun igi, a tàsé," ni olórí ọdẹ wí. "Ìwọ ńkọ́, ibo lo fojú sùn? Fi ahọ́n kan irin yìí, kí o búra pé o kò mọ̀ pé ó wọ́."

N kò lè búra; mo gbé ìbọn náà kalẹ̀, wọ́n sì dè mí.

Àgbẹ̀dẹ kan wà lẹ́yìn ògiri túbú yìí tí ẹnikẹ́ni kì í dáná sí mọ́. Láti àárọ̀ ni ayùn ti ń ha irin níbẹ̀. Mo kígbe pé, "Ta nìyẹn?" Ohùn kan dáhùn, láìbínú: "Ẹ̀gbọ́n, ó tún ń mì."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìjerò, Aramọkọ àti Ẹ̀fọ̀n, mo bẹ̀ yín, bí inú yín bá dùn pé ẹnìkejì yín tàsé, ẹ sáré tọ̀ ọ́ lọ, ẹ jẹ́wọ́ fún un nígbà tó ṣì lè gbọ́. Ìda oyin bíńtín lèmi fi bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ń ṣílẹ̀kùn. Ayùn náà ti dákẹ́.