Àmín tí Ìyá Ṣe Láàfin Faransé

Nínú mọ́tò Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Faransé dé ń ròyìn fún bàbá tó jókòó tì í.

"Ààfin olókùúta ni. Wọ́n ti kọ́ ọ kí wọ́n tó tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ dó. Bí a ṣe wọlé, mo rí ọkùnrin kan tó dé adé. Mo kúnlẹ̀, tòun ti orúnkún tó ń ro mí."

"Ẹ ṣe é re. Ṣé ó dá yín lóhùn?"

"Ó gbọ́wọ́ lé mi lórí, ó sọ èdè wọn. Mo ṣe àmín."

"Ọba dáadáa nìyẹn."

"Ọba kẹ̀? Kò sí ọba níbẹ̀ mọ́. Ọmọ mi ní òṣìṣẹ́ ni, pé wọ́n ń múra bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó wá wòran."

"Ṣé ẹ wá gba àmín yẹn padà?"

"Gbà á padà kẹ̀? Orúnkún ọ̀hún ò ro mí mọ́."